Kọ̀ǹpútà, Ọ̀gá Mi, àti Ìyípo Mẹ́ta

Ẹ̀yin òǹkàwé, ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní ìnfátà nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ tí ń sọ iná bátìrì di iná tí ó lè tan gílóòbù, tí ó lè yí fáànù, tí ó sì lè mú fírísà tutù nígbà tí iná ìjọba bá lọ. Iṣẹ́ tí èmi ń ṣe jẹun nìyẹn. Mo ń ṣe ìnfátà, mo sì ń tún un ṣe, ní Ìbàdàn níhìn-ín, ó sì ti lé ní ọdún 15 tí mo ti wà nídìí rẹ̀. Àwọn tí ó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi a máa bá mi níwájú kọ̀ǹpútà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta kí n tó fi ọwọ́ kan wáyà, wọn a sì bi mí pé, "Ẹnjiníà, ṣé fíìmù ni ẹ ń wò ni?" Kì í ṣe fíìmù. Tiransifọ́mà ni mo ń ká níbẹ̀, láìsí wáyà lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ la ọ̀rọ̀ náà yé yín, nítorí pé owó yín ni ó wà nínú rẹ̀, àti nítorí pé díẹ̀ ni ó kù kí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti ọ̀gá tí ó kọ́ mi níṣẹ́.

Ọ̀gá mi ti lé ní ẹni 70 ọdún. Rédíò ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tiransifọ́mà ni wọ́n fi lókìkí. Bí ẹ bá gbé èyí tí ó jóná lọ bá wọn, wọn yóò tú u, wọn yóò fọ irin rẹ̀, wọn yóò sì tún un ká tí ẹ kò ní mọ̀ pé iná jó o rí. Wọ́n ní ìwé kékeré kan tí epo ti rin, nọ́ńbà kan ṣoṣo sì ni baba gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nọ́ńbà náà ni 45. Ẹ wọn ojú irin àárín tiransifọ́mà ní sẹ̀ǹtímítà, ẹ fi gígùn rẹ̀ lọ́po ìbú rẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tí ẹ bá rí pín 45. Iye ìyípo wáyà tí fóltì kan yóò gbà nìyẹn. Bí irin bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 6 ní gígùn àti 6 ní ìbú, 36 ni. Ẹ fi 36 pín 45, ẹ ó rí 1.25. Fún iná 240 fóltì, ìyípo 300 ni ẹ ó ká. Nọ́ńbà yìí ni ọ̀gá mi fi kọ́ ilé, òun ni wọ́n sì fi rán ọmọ mẹ́rin lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹ má fi ojú kékeré wò ó.

Ṣùgbọ́n irú tiransifọ́mà bẹ́ẹ̀ wúwo. Èyí tí yóò gbé 1,000 wáàtì a máa tó kílò 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń gba wáyà bàbà púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà mọ iye tí bàbà jẹ́. Irin inú èyí tí èmi ń lò fún iṣẹ́ kan náà kò pé ìdámẹ́rin kílò. Ẹ lè dì í mú ní ọwọ́ kan. Báwo ni ó ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ẹ̀yin oníṣòwò ni yóò kọ́kọ́ yé. Obìnrin kan ń ra ẹ̀wà ogún àpò lẹ́ẹ̀kan, ó ń tà á fún oṣù kan kí ó tó ra òmíràn. Ó di dandan kí ó ní yàrá ńlá tí yóò kó o sí. Èkejì ń ra àpò kan láàárọ̀, ó ti tà á tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì tún ra òmíràn lọ́jọ́ kejì. Orí tábìlì kan tó o. Ní òpin oṣù, ẹni tí ó ní tábìlì lè ta ju ẹni tí ó ní yàrá lọ, nítorí pé ọjà tirẹ̀ ń yí kíákíá. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni iná. Iná ìjọba ní Nàìjíríà ń lọ tí ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ìnfátà òde òní, àwọn tiransísítọ̀ ń darí iná bátìrì síwá sẹ́yìn ní ìgbà 50,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Ẹrù díẹ̀ ni irin ń gbé lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kò sinmi.

Irin lásán kò lè fara da eré yìí. Yóò gbóná títí wáyà ara rẹ̀ yóò fi jóná. Nítorí náà ni a fi ń lo feráìtì, ohun dúdú kan tí ó dà bí òkúta. Yogoro Kato àti Takeshi Takei ni wọ́n rí i ṣe ní ìlú Tokyo ní Japan ní ọdún 1930. Ìyẹ̀fun irin tí ó ti dípẹtà ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun àwọn irin mìíràn, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí àpẹẹrẹ tí wọ́n fẹ́, tí wọ́n sì ń sun ún nínú iná bí ìgbà tí a ń sun ìkòkò amọ̀. Bí ìkòkò náà ni ó sì ṣe ń fọ́ bí ó bá jábọ́.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni ìyá kan tí ń ta ẹja yìnyín wá sí ṣọ́ọ̀bù mi. Fírísà méjì ni wọ́n ní. Láti oṣù Karùn-ún ọdún 2023, nígbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, tí lítà kan fò láti nǹkan bí 190 náírà kọjá 480, ni jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ èrè ẹja wọn. Wọ́n ti ra ìnfátà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láàárín ọdún kan. Méjèèjì kú. Òru ni èkejì kú, kí ilẹ̀ tó mọ́ páálí ẹja mẹ́rin ti bàjẹ́. Wọ́n gbé òkú ẹ̀rọ náà lé orí tábìlì mi, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, owó àjọ mi ni mo gbà wá yìí, n kò ní òmíràn. Bí ẹ bá mọ̀ pé kò ní lè gbé e, ẹ sọ fún mi nísinsìnyí kí n gba ibòmíràn lọ."

Mo ní, "Màmá, ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo tú ẹ̀rọ náà. Àwọn tiransísítọ̀ rẹ̀ ti bẹ́, èyí kò ya ẹnikẹ́ni tí ó mọ iṣẹ́ yìí lẹ́nu, ṣùgbọ́n ohun tí ó bẹ́ wọn ni mo ń wá. Mo bá a nínú tiransifọ́mà. Wáyà kan ṣoṣo tí ó nípọn tó mìlímítà 3 ni wọ́n fi ká apá tí ó kọjú sí bátìrì, wọ́n sì ká gbogbo apá kejì lé e lórí ní ipele-ipele. Ojú lásán yóò rò pé wáyà tí ó nípọn dára. Àṣìṣe méjì ni ó wà níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ojú lè rí nínú méjèèjì.

Èkínní ni pé iná tí ń yára tó báyìí kì í rin àárín wáyà. Ẹ fi ojú inú wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá kan ní ọ̀sán gangan, tí ooru mú gbogbo ìjọ títí wọ́n fi lọ to ara wọn sí ojú fèrèsé, tí àwọn àga àárín sì ṣófo. Bàbà àárín wáyà náà ni àga òfìfo yẹn. Ẹ ti sanwó rẹ̀, kò sì ṣe ohunkóhun fún yín. Ní ìgbà 50,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà kan ni iná ń wọnú bàbà mọ. Èkejì ni pé agbára òòfà tí wáyà àkọ́kọ́ dá sílẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ wáyà kejì tán. Díẹ̀ a máa jò sáàárín wọn. Bí a bá ti pa tiransísítọ̀, èyí tí ó jò yìí yóò padà wá gbá a létí. Ìgbájú kan kò pa á. Ẹ wá ro ti ẹgbẹẹgbẹ̀rún láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, láti àárọ̀ títí di òru tí ẹja bàjẹ́.

Ibi tí kọ̀ǹpútà ti wúlò nìyí. Ìmọ̀ náà fúnra rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Ọdún 1892 ni Charles Steinmetz ti tẹ ìṣirò ooru inú irin jáde, ọdún 1966 sì ni P. L. Dowell tẹ ti ooru inú wáyà tí a tò lé ara wọn ní ipele-ipele. Ènìyàn lè fi bírò ṣe méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yí ohun kan padà, bóyá ẹ dín ìyípo kan kù, ó di dandan kí ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi kọ àwọn ìṣirò náà sínú kọ̀ǹpútà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nọ́ńbà ni mo kàn ń pààrọ̀. Lẹ́yìn èyí ni mo máa ń lo ètò kan tí ń jẹ́ FEMM, tí David Meeker ṣe, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ ó ya àwòrán tiransifọ́mà bí ẹni pé ẹ fi ọ̀bẹ là á sí méjì, ẹ ó sọ èyí tí ó jẹ́ bàbà àti èyí tí ó jẹ́ feráìtì fún un, yóò sì gé àwòrán náà sí onígun mẹ́ta wẹ́wẹ́, ẹgbẹẹgbẹ̀rún, yóò ṣe ìṣirò ìkọ̀ọ̀kan wọn, yóò wá fi àwọ̀ hàn yín ibi tí iná kó ara jọ sí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i ni mo tó fi ojú mi rí àwọn àga òfìfo wọ̀nyẹn. Ètò kejì ni LTspice, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Òun ni ó ń fi bí ìgbájú náà yóò ṣe le tó hàn mí, kí tiransísítọ̀ kankan tó kú. Àwọn mìíràn wà tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń rà ní owó gọbọi. Ìwọ̀nyí tó mi.

Mo ya tiransifọ́mà Màmá ẹlẹ́ja sínú kọ̀ǹpútà. Iná kò sí lálẹ́ ọjọ́ náà. Orí bátìrì ni kọ̀ǹpútà wà. Oríṣi 11 ni mo ká kí ilẹ̀ tó mọ́, n kò sì fi wáyà tí ó tó ìka kan ṣòfò. Láyé àtijọ́, oríṣi 11 ìbá gbà mí ní oṣù kan àti owó tiransísítọ̀ tí ó tó ra ewúrẹ́. Èyí tí mo mú nínú wọn ni ti bàbà pẹlẹbẹ bí páálí, tí ó nípọn ní ìdá méjì nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà, ìyípo 3 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan níhà bátìrì. Apá kejì jẹ́ ìyípo 54, okùn tí a fi wáyà tín-ín-rín 20 lọ́, 27 nísàlẹ̀, 27 lókè, tí bàbà pẹlẹbẹ wá wà láàárín wọn bí ẹ̀wà láàárín búrẹ́dì. Pípín apá kejì sí méjì báyìí ń dín jíjò òòfà kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Wáyà onímìlímítà 3 ti ẹ̀rọ tí ó kú ní tirẹ̀ yóò gbóná ju bàbà pẹlẹbẹ mi lọ ní ìlọ́po tí ó ju 5 lọ, bí kọ̀ǹpútà ti wí.

Bí ọ̀gá mi ti wọlé lọ́jọ́ kejì nìyẹn. Wọ́n mú ìwé tí mo kọ iṣẹ́ náà sí, wọ́n gbé gíláàsì wọn sójú, wọ́n dákẹ́.

"Ìyípo mélòó ni o kọ síbí?"

"Mẹ́ta ni, sà."

"Mẹ́ta ọgọ́rùn-ún ni àbí mẹ́ta?"

"Mẹ́ta péré ni, sà."

Wọ́n gbé ìwé náà kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò kọ́ mi ní ìranù, pé owó àjọ obìnrin ni mo fẹ́ fi ṣeré, pé bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń sọ ìsọkúsọ báyìí, kí n tà á kí n fi ra wáyà. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi ń gbọ́. Inú mi kò dùn, ṣùgbọ́n ọ̀gá ẹni ni ọ̀gá ẹni. Mo fà àga fún wọn, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jókòó, mo sì bi wọ́n pé, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, níbo ni 45 ti wá?"

Wọ́n ní ọ̀gá tiwọn ni ó fún wọn.

Mo mú bírò. Mo fi hàn wọ́n pé òfin tí Faraday rí ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1831 ni ó wà nínú 45, pé iye ìgbà tí iná ń yí padà, ìyẹn 50, àti agbára òòfà tí irin lè gbé ni ẹnìkan ti ṣírò pọ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ kan ṣoṣo pè wọ́n. Bí a bá yọ 50 kúrò, tí a fi 50,000 sípò rẹ̀, tí a sì rántí pé feráìtì kò lè gbé òòfà tó irin, tí a sì ṣírò rẹ̀ fún iná tí ń fò bí àkàsọ̀ dípò èyí tí ń rọra gòkè sọ̀kalẹ̀, 45 yóò di 0.33. Ojú feráìtì tí mo fẹ́ lò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 3.54 ní gígùn lọ́nà ìbú. Ọ̀gá mi gba bírò lọ́wọ́ mi. Wọ́n pín in fúnra wọn, wọ́n fi 24 fóltì bátìrì lọ́po rẹ̀, wọ́n rí ìyípo méjì àti díẹ̀.

"Díẹ̀ kò ṣeé ká," ni wọ́n wí. "Mẹ́ta ni." Wọ́n wo ìwé náà pẹ́. Wọ́n wá ní, "Ó dára. Ta ni ó sọ fún kọ̀ǹpútà rẹ pé feráìtì tí ó wà nínú àpótí yẹn ni irú èyí tí wọ́n kọ sí i lára?"

Mo ti máa ń wọn feráìtì kí n tó ká a, mo sì ti pinnu láti wọn èyí lọ́sàn-án ọjọ́ náà. A jọ wọ̀n ọ́n. Láti Èkó ni mo ti rà á, orúkọ rere ni wọ́n sì kọ sí i lára. Mo ká wáyà sí i ní ìgbà 10. Ẹ̀rọ ìwọnná ì bá fi ohun tí ó ju 500 hàn wá bí ó bá jẹ́ ojúlówó. Ohun tí ó kọ ni 210. A tan iná sí i láìgbé ẹrù kankan lé e. Láàárín 20 ìṣẹ́jú ó ti gbóná dé 90, tí béèlì tí mo fi dì í sì bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Nínú kọ̀ǹpútà, feráìtì kan náà kò gbóná tó wáàtì 2. Ẹni tí ó tà á fún mi sọ lórí fóònù pé òun kò mọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ sí i lára lọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé. Owó tí ó kù lọ́wọ́ mi kò lè ra òmíràn láti òkè òkun, ọjọ́ kò sì lè tó.

Ọ̀gá mi ni ó rántí ọ̀rẹ́ wọn tí ń jó irin, tí ẹ̀rọ ìjórin rẹ̀ kan ti kú láti ọdún mẹ́ta. Irú feráìtì kan náà ni ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pọ̀, bí ẹ bá sì fi agbára fà á, yóò fọ́. Ọ̀gá mi ní kí a bọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, a bọ̀ ọ́, nínú ìkòkò lórí sítóòfù lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, fún wákàtí kan àti ààbọ̀. Àwọn tí ń kọjá ń bi wá pé ẹran wo ni ó le tó báyìí. Ọ̀gá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da omi tútù sí i. Wọ́n fi àkísà dì í mú, wọ́n ń mì ín díẹ̀díẹ̀ bí eyín ọmọdé, títí ó fi ya. Nígbà tí ó tutù, a wọ̀n ọ́n. 590 ni.

Àwọn náà ni wọ́n ká a. N kò ní purọ́, ọwọ́ wọn ṣì dára ju tèmi lọ. Bàbà pẹlẹbẹ náà tò láìsí ìwúlé kankan. A fi áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ dán an wò fún wákàtí méjì, 1,000 wáàtì. Ìgbájú tí LTspice ní yóò dé 68 fóltì, 74 ni mo rí lójú ẹ̀rọ ayàwòrán iná, bẹ́ẹ̀ ni 100 ni tiransísítọ̀ tí mo lò lè gbà. Nígbà tí mo pa á, ọ̀gá mi gbé ọwọ́ lé tiransifọ́mà, wọ́n ka ení, èjì, ẹ̀ta, wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. "Márùn-dín-láàádọ́rin," ni wọ́n wí. Mo fi ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n. 67 ni.

Màmá ẹlẹ́ja gbé ẹ̀rọ wọn lọ ní ọjọ́ tí a dá. Fírísà méjèèjì ṣì wà lórí rẹ̀ di bí mo ti ń kọ ìwé yìí. Lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n pè mí, fáànù rẹ̀ ni eruku dí.

Ọ̀gá mi ti kọ 0.33 sí abẹ́ 45 nínú ìwé wọn, wọ́n sì fi ìlà pupa yí i ká, wọ́n kọ "feráìtì nìkan" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní kí n ṣe 3,000 wáàtì fún àwọn, orí bátìrì 48 fóltì. Mo ti ya oríṣi mẹ́fà, n kò tíì mọ èyí tí mo máa mú. Ní ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá mi ní àwọn yóò wá wò ó, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé kí n má ra feráìtì kankan kí àwọn tó dé.